FÁÀNÙ ONÍNÁ ÀBÍ FÁÀNÙ BẸ́LÍÌTÌ? Àríyànjiyàn tó ń gbóná ju radiétọ̀ lọ ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì

Tòmátì kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bá ti kúrò ní Kánò, tó kọrí sí Mile 12 l'Ékòó tàbí Bódìjà n'Ìbàdàn, wákàtí ni ẹni tó ni ín ń kà. Kánò sí Èkó, nǹkan bí 1,000 kìlómítà ni. Ibi tí lọ́rì bá ti dúró lójú ọ̀nà, tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, tí èéfín funfun ń tú jáde níbẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ṣí ìdérí ìkòkò ọbẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni owó ìyá ọlọ́jà ti ń yọ́ dànù. Dírẹ́bà á ní, "Mọ́mì, ẹ má bínú, ọkọ̀ ló hó." Ta ló máa wá san owó tòmátì tó ti di omi sínú apẹ̀rẹ̀?

Nítorí ọkọ̀ tó ń hó yìí ni àríyànjiyàn kan ṣe wọ ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, tí kò sì fẹ́ jáde mọ́. Àwọn kan ní kí wọ́n yọ fáànù tí bẹ́líìtì ń yí kúrò nínú ọkọ̀ akẹ́rù, kí wọ́n fi fáànù oníná rọ́pò rẹ̀, pé ọkọ̀ ò ní hó mọ́, pé epo tó ń jẹ náà á dín kù. Àwọn àgbà mẹkáníìkì mìíràn á ní irọ́ gbáà ni, ẹni tó bá dán an wò á fi ẹsẹ̀ rìn wálé. Ká sọ tòótọ́, àwọn méjèèjì ló ní òótọ́ lọ́wọ́, àwọn méjèèjì ló sì ń ṣàṣejù. Ọ̀rọ̀ náà tún wá le sí i láti ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí bẹntiróòlù. Gbogbo onímọ́tò ló ń wá ọ̀nà tí epo ò fi ní gbé owó oúnjẹ lọ.

Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ dírẹ́bà àti mẹkáníìkì nìkan. Ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù àti lọ́rì tó ń kó ẹrù kiri yìí, owó ọjà ló rà wọ́n. Ìyá aláṣọ, ìyá alátà, ìyá eléèlùbọ́ ló dá èsúsú títí, tó rà á, tó fi lé dírẹ́bà lọ́wọ́ pé kó máa mú owó wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ́ńjìnnì bá jó, kì í ṣe dírẹ́bà ló máa sunkún jù.

KÍ TILẸ̀ NI FÁÀNÙ Ń ṢE NÍBẸ̀?

Ẹ jẹ́ ká mú un láti ìpìlẹ̀. Epo tí ẹ́ńjìnnì ń jó, bí ẹ bá pín agbára rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta, nǹkan bí ìdá kan péré ló ń yí táyà. Ìdá kan ń bá èéfín gba sàlẹ́ńsà jáde. Ìyókù di ooru sára irin ẹ́ńjìnnì, omi ló sì ń gbé ooru náà kúrò níbẹ̀. Wọ́tà pọ́ọ̀ǹpù ń ti omi láti inú ẹ́ńjìnnì lọ sínú radiétọ̀, radiétọ̀ ń tú ooru dànù sínú afẹ́fẹ́, omi á tún padà lọ kó òmíràn wá. Bí ẹni tó bu ẹ̀kọ gbígbóná sínú abọ́ pẹrẹsẹ, tó wá ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ kí ọmọ lè tètè mu ún. Radiétọ̀ ni abọ́, fáànù sì ni abẹ̀bẹ̀.

Nínú ọ̀pọ̀ lọ́rì àtijọ́, láti ayé Bedford tí wọ́n fi ń ṣe bọ̀lẹ̀kájà wá, bẹ́líìtì ló ń yí abẹ̀bẹ̀ yìí. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń yí, fáànù ń yí. Kò mọ òwúrọ̀, kò mọ ọ̀sán. Ẹ́ńjìnnì tutù o, ó gbóná o, òun ń fẹ́.

Ibi tí wàhálà wà nìyí. Bí ọkọ̀ bá wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ọjọ́ta tàbí ti Sángo Ọ̀tà, ẹ́ńjìnnì ń mí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, fáànù náà á máa yí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìgbà yẹn gan-an ni kò sí atẹ́gùn kankan tó ń fẹ́ sí radiétọ̀. Àwọn dírẹ́bà tí ẹ ń rí tí wọ́n ń tẹná wọ̀ọ̀ wọ̀ọ̀ lójú kan, kì í ṣe gbogbo wọn ló ń ṣe fàájì. Fáànù ni ẹlòmíràn fẹ́ kó yára. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ kan náà bá bọ́ sójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tó ń sá 80 kìlómítà ní wákàtí kan, afẹ́fẹ́ tó ń ya lu radiétọ̀ ti tó. Fáànù kò fẹ́rẹ̀ẹ́ níṣẹ́ mọ́, síbẹ̀ ó ń yí fọ̀ọ̀, ó ń jẹ nínú agbára ẹ́ńjìnnì, bí alágbàṣe tó jókòó sábẹ́ igi tí wọ́n ṣì ń sanwó fún.

Àwọn Faransé ti rí èyí tipẹ́. Peugeot 404 àti 504 (504 yìí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná lọ́dún 1975) ní fáànù tí mágínẹ́ẹ̀tì oníná máa ń gbá mú. Bí omi bá gbóná tó, mágínẹ́ẹ̀tì á mú fáànù kó bá bẹ́líìtì yí. Bí omi bá tutù, á jù ú sílẹ̀. Àwọn mẹkáníìkì tó kọ́ṣẹ́ lára 504 mọ ohun tí à ń sọ.

Lára ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù àti lọ́rì tó dé lẹ́yìn náà, fáànù kílọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi sí i. Òróró kan tó ki bí oyin wà nínú rẹ̀. Bí atẹ́gùn tó gba inú radiétọ̀ wá bá gbóná, òróró náà á bọ́ síbi tí yóò ti gbá fáànù mú. Bó bá tutù, fáànù á máa yọ̀, kò ní yí tagbáratagbára. Nǹkan tó dáa ni, ṣùgbọ́n ó máa ń gbó. Bí òróró bá ti jò tán, fáànù á kàn máa yí yẹ́kẹyẹ̀kẹ, ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Àwọn kan á wá gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà pé kó jó o pọ̀. Ó yí o, ṣùgbọ́n ó ti padà di fáànù àtijọ́ tí kì í sinmi nìyẹn, ariwo rẹ̀ á sì máa bú bí ọkọ̀ òfúrufú. Ní irú ìgbà báyìí ni ọ̀rọ̀ fáànù oníná máa ń délẹ̀.

Ọ̀dọ̀ mọ́tò kékeré ni fáànù oníná ti wá. Golf, Camry àti àwọn ẹgbẹ́ wọn, ìbú ni wọ́n dùbúlẹ̀ ẹ́ńjìnnì wọn sí. Ojú tí bẹ́líìtì wà ń wo ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, radiétọ̀ sì wà níwájú, kò sí bí bẹ́líìtì ṣe máa gbé fáànù débẹ̀. Ni wọ́n bá fún fáànù ní mọ́tò tirẹ̀ tí iná bátìrì ń yí. Òkú mọ́tò wọ̀nyí pọ̀ ní Ládípọ̀ ní Mushin, ó pọ̀ ní Àràròmí ní Gate n'Ìbàdàn, fáànù tókunbọ̀ tí wọ́n tú lára wọn kò sì wọ́n bíi kílọ́ọ̀ṣì tuntun. Ìdí kan pàtàkì nìyẹn tí àwọn ọmọ iṣẹ́ fi fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n á ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká gbé ti Camry sí i, ó parí."

Ṣé ó parí lóòótọ́?

PÍKỌ́Ọ̀PÙ LÈ GBÀ Á, TÍRÉLÀ Ń KỌ́?

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò bíi ti ọjà. Fáànù oníná tó lágbára dáadáa lára mọ́tò kékeré lè fa iná 25 áńpù láti inú bátìrì fóòtì 12. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀, 300 wáàtì ni: iná gílóòbù oní-60 márùn-ún. Agbára ẹṣin kan jẹ́ 746 wáàtì. Èyí já sí pé gbogbo ariwo fáànù yẹn kò tó ìdajì ẹṣin kan.

Fún píkọ́ọ̀pù kékeré tó ń kó ẹrù tó mọ níwọ̀n, ó tó. Ó tilẹ̀ dáa ju ti bẹ́líìtì lọ nínú gó-síló, torí kò wo ojú ẹ́ńjìnnì kó tó yí. Ẹ́ńjìnnì ì báà máa mí díẹ̀díẹ̀, fáànù oníná á fẹ́ tagbáratagbára. Iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn.

Ṣùgbọ́n tírélà tó kó 30 tọ́ọ̀nù sìmẹ́ǹtì, tó ń rá gun òkè Ẹ̀fọ̀n Alààyè ní jíà kìíní, ọ̀rọ̀ mìíràn ni. Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ dé góńgó, ọkọ̀ ò sá débi tí atẹ́gùn á fi wọlé, gbogbo ọ̀rọ̀ wà lọ́rùn fáànù. Fáànù ńlá ara irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, bó bá ń yí dé òpin, lè gba agbára ẹṣin 30 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin ìyá tó ń lọ àgbàdo, ẹ̀rọ ìlọta oní-ẹṣin 8 tí ẹ mọ̀ yẹn, ẹ kó mẹ́rin rẹ̀ jọ, ìyẹn ni fáànù kan ṣoṣo ń gbà. Ta ló wá fẹ́ fi fáànù Camry méjì dípò rẹ̀? Bí ẹni fẹ́ fi abẹ̀bẹ̀ ọwọ́ pa iná oko ni. Nítorí náà, onítírélà, onítáńkà àti onítípà tó bá gbọ́ tèmi-ò-gbọ́-tìẹ yìí, kó lọ tún kílọ́ọ̀ṣì fáànù rẹ̀ ṣe. Mẹkáníìkì tó bá ní kó yọ ọ́ fẹ́ fi ọkọ̀ rẹ̀ kọ́ṣẹ́ ni.

Lórí ọ̀rọ̀ epo náà, kí ẹnikẹ́ni má tan yín. Òótọ́ ni pé ẹ́ńjìnnì píkọ́ọ̀pù á fúyẹ́ díẹ̀ bí fáànù bẹ́líìtì bá kúrò, pàápàá lọ́nà jíjìn. Ṣùgbọ́n iná tí fáànù tuntun ń jẹ kò bọ́ láti ojú ọ̀run. Ọ́tánétọ̀ ló ń ṣe é, ẹ́ńjìnnì ló sì ń yí ọ́tánétọ̀. Ohun tí ẹ jèrè ni pé kì í yí nígbà tí kò bá níṣẹ́. Ẹni tó bá ní epo á dín sí ìdajì, kó fi owó tirẹ̀ ta tẹ́tẹ́ ọ̀hún.

IṢẸ́ MẸKÁNÍÌKÌ, IṢẸ́ RÌWÁYÀ

Ẹni tí píkọ́ọ̀pù rẹ̀ bá yẹ fún un, iṣẹ́ èèyàn méjì ló jẹ́. Ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́ ni kí mẹkáníìkì ní òun náà mọ wáyà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí oníkálukú ṣe tirẹ̀.

Mẹkáníìkì á tú fáànù àtijọ́ kúrò. Kó má wá ju bẹ́líìtì nù o! Wọ́tà pọ́ọ̀ǹpù ṣì nílò rẹ̀, ọ́tánétọ̀ náà nílò rẹ̀. Àwọn kan rò pé ẹni tó bá ti gbé fáànù oníná sí ọkọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ bẹ́líìtì tó ń já. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Bí bẹ́líìtì wọ́tà pọ́ọ̀ǹpù bá já, omi á dúró sójú kan, fáànù ì báà fẹ́ títí ilẹ̀ ó fi ṣú, radiétọ̀ tí omi gbígbóná kò dé mọ́ ló ń fẹ́. Bí súwíìṣì fáànù bá sì wà nínú radiétọ̀, ó lè má tilẹ̀ mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ń jó lọ́hùn-ún.

Ẹ̀yìn radiétọ̀, láàárín òun àti ẹ́ńjìnnì, ni kí wọ́n gbé fáànù sí, kó máa fa afẹ́fẹ́ wọlé. Bí àyè kò bá sí, tó di dandan kó wà níwájú, fáànù tó ń ti afẹ́fẹ́ ló gbọ́dọ̀ jẹ́, kò sì ní ṣiṣẹ́ tó ti ẹ̀yìn, torí òun fúnra rẹ̀ á máa dí atẹ́gùn lọ́nà nígbà tí ọkọ̀ bá ń sá. Kí wọ́n wò ó dáadáa kó máà jẹ́ pé òdì ló ń yí. Wáyà méjì tí wọ́n bá gbé fún ara wọn, fáànù á máa lé atẹ́gùn padà síwájú, á máa bá ti ojú ọ̀nà jà. Ike tó yí fáànù po, èyí tí wọ́n máa ń jù sílẹ̀ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta òkú mọ́tò, kí wọ́n rà á mọ́ ọn. Láìsí i, ibi tí fáànù bá kàn nìkan ni atẹ́gùn ń gbà, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin radiétọ̀ á kàn máa wòran.

Okùn oníke tí àwọn kan ń fi gba inú radiétọ̀ kọjá láti so fáànù mọ́ ọn, ìwà ọ̀lẹ ni. Pẹ̀lú gbọ̀ngàn-gbọ̀ngàn ọ̀nà wa yìí, fáànù á máa gbọ̀n, á máa ha páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀ títí omi á fi máa jò. Irin pẹlẹbẹ ni kí wẹ́dà fi ṣe ẹsẹ̀ fún un, kí wọ́n dè é mọ́ férémù.

Ó wá kan rìwáyà. Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti ba ọ̀pọ̀ ọkọ̀ jẹ́, òun ni "dáírẹ́ẹ̀tì". "Ọ̀gá, mo ti fún un ní dáírẹ́ẹ̀tì." Ìyẹn ni pé bí wọ́n bá ti yí kọ́kọ́rọ́, fáànù ń yí, kò dúró mọ́. Kí ni wọ́n wá fi yàtọ̀ sí fáànù bẹ́líìtì tí wọ́n yọ? Mọ́tò fáànù á tètè jó, iná 25 áńpù tó sì ń gba ojú kọ́kọ́rọ́ kọjá á yọ́ ọ, nígbà mìíràn iná á sọ lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Àwọn mìíràn á fi súwíìṣì sí iwájú dírẹ́bà, pé kó máa tàn án fúnra rẹ̀. Dírẹ́bà tó ń bá agbèrò jà, tó tún ń bá ọlọ́pàá sọ̀rọ̀, ṣé òun ló máa rántí fáànù?

Bó ṣe yẹ kó rí ni pé kí wáyà tó nípọn wá tààrà láti bátìrì, kó gba inú fíúùsì tó wà nítòsí bátìrì náà, kó wọ inú rìléè, láti ibẹ̀ sí fáànù. Rìléè dà bí alááàárù tó lágbára: súwíìṣì kékeré ló ń pàṣẹ fún un, òun ló ń ru ẹrù. Rìwáyà tó mọṣẹ́ mọ ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rin, 30 àti 87 fún iná ńlá, 85 àti 86 fún àṣẹ. Ẹni tó bá sì ń pàṣẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ súwíìṣì tó ń mọ ooru omi, tí wọ́n dè sínú radiétọ̀ tàbí sí ẹnu ibi tí omi ti ń jáde nínú ẹ́ńjìnnì. Kó tàn án bí omi bá dé nǹkan bí 95 lórí ìwọ̀n Sẹ́ńsíọ́ọ̀sì, kó pa á bó bá sọ̀ kalẹ̀ dé nǹkan bí 87.

Ọ́tánétọ̀ ńkọ́? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ronú dé. Iná iwájú méjì tó jẹ́ 55 wáàtì ẹyọ kọ̀ọ̀kan ń gba áńpù 9. Fáànù gba 25. Ó ti di 34, ẹ ò tíì fi wáípà àti iná ẹ̀yìn kún un. Ọ́tánétọ̀ píkọ́ọ̀pù àtijọ́ kan, áńpù 35 péré ni gbogbo agbára rẹ̀, kì í sì í ṣe nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń mí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ló máa gbé gbogbo rẹ̀ jáde. Bí òjò bá wá ń rọ̀ lálẹ́ nínú gó-síló, bátìrì ló máa san ìyókù. Yóò rẹ̀ ẹ́, fáànù á máa yí bí ẹni tí kò jẹun, ọkọ̀ á hó, kò sì ní jí mọ́. Ìyà méjì lórí ẹni kan. Kí wọ́n wá ọ́tánétọ̀ ńlá sí i kí wọ́n tó gbé fáànù sí i.

Lọ́rì tó ń lo fóòtì 24, fáànù fóòtì 24 ni kí wọ́n rà fún un. Ti fóòtì 12 á jó lójú ẹsẹ̀. Àwọn ọlọ́gbọ́n-ẹ̀wẹ́ kan á sì mú iná láti ara ẹyọ bátìrì kan nínú méjì. Èyí tí wọ́n ń mú iná lára rẹ̀ á máa gbẹ, ọ̀kan tó kù á máa gba iná ju bó ṣe yẹ lọ, àwọn méjèèjì á sì bàjẹ́.

FÁÀNÙ KỌ́ LÓ ṢẸ̀ NÍGBÀ MÌÍRÀN

Ohun tó dunni jù ni pé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n yọ fáànù rẹ̀, fáànù kọ́ ló ṣẹ̀. Omi kànga tó ní ìpẹtà tí wọ́n ti ń bù sí radiétọ̀ láti ọdún mélòó kan ti dí i pa. Tàbí ẹrẹ̀ àti kòkòrò ti bo ojú rẹ̀. Tàbí bẹ́líìtì dẹ̀. Tàbí ìdérí radiétọ̀, ohun kékeré yẹn, ti gbó. Ìdérí yìí ló ń sé omi mọ́ inú kó má lè tètè hó. Omi tó yẹ kó hó ní 100, ìdérí tó dáa lè jẹ́ kó kọjá 110 kó tó hó. Bó bá ti gbó, kí wọ́n gbé fáànù mẹ́wàá síbẹ̀. Àwọn mẹkáníìkì kan sì fẹ́ràn láti máa yọ tẹ́mósítáàtì sọnù, pé ó ń dí omi lọ́nà. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n yọ ọ́ nínú rẹ̀ á pẹ́ kó tó gbóná dé ibi tó yẹ, epo á máa lọ. Nínú ọkọ̀ mìíràn, omi á tilẹ̀ gba ọ̀nà ẹ̀bùrú padà sínú ẹ́ńjìnnì láì dé ọ̀dọ̀ radiétọ̀, ọkọ̀ á wá gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Bí ọkọ̀ bá hó lójú ọ̀nà, ọmọ ọkọ̀ tó bá sáré ṣí ìdérí radiétọ̀ lè bá a débi tí ojú rẹ̀ á bó. Kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n dúró títí yóò fi tutù. Kí ẹnikẹ́ni má sì da omi tútù lu ẹ́ńjìnnì gbígbóná. Tọ́ọ̀pù á sán tàbí kó tẹ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì á jó, iṣẹ́ fáànù á di iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì.

Ọjọ́ tí wọ́n bá parí iṣẹ́, kí ẹni tó ni ọkọ̀ dúró níbẹ̀, ìyá ọlọ́jà ni o, bàbá oníṣẹ́ ọwọ́ ni o. Kí wọ́n tan ẹ́ńjìnnì sínú oòrùn, kí wọ́n tan gbogbo iná ọkọ̀ náà mọ́ ọn, kí wọ́n sì fi í sílẹ̀ kó gbóná. Fáànù gbọ́dọ̀ tàn fúnra rẹ̀, kó kú fúnra rẹ̀, kó tún tàn lẹ́ẹ̀kejì, láì sí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan súwíìṣì. Lẹ́yìn ìyẹn kí wọ́n gbé e lọ sórí òkè pẹ̀lú ẹrù. Kí wọ́n sì kìlọ̀ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ kí wọ́n tó lọ: fáànù yìí kò dà bíi ti tẹ́lẹ̀ tó ń kú bí ẹ́ńjìnnì bá kú. Ẹ́ńjìnnì lè ti kú, kọ́kọ́rọ́ lè wà nínú àpò dírẹ́bà, bí omi bá ṣì gbóná fáànù lè gbéra lójijì, ìka tó bá bá níbẹ̀ á gé e. Kí wọ́n yọ wáyà bátìrì kí wọ́n tó ki ọwọ́ síbẹ̀.